Igi Osage orange tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé: báwo ni kí n ṣe fi gbẹ́ ọrun?

Ọmọ Ọdẹ, Missouri

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Aládùúgbò wa kan tó ń dáko ń gé àwọn igi etí oko rẹ̀, ó ní kí n wá kó èyí tó bá wù mí. Igi Osage orange ni, hedge ni àwọn ará ibí ń pè é. Mo ti ṣa ìtì méjì tó tọ́ díẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àbọ̀, ó sì fẹ̀ tó ínǹṣì 8. Àná ni wọ́n gé wọn. Ọmọ ọdẹ ni mí, ìbọn ni wọ́n ń lò nílé wa, àmọ́ ọrun ló wù mí láti fọwọ́ ara mi gbẹ́, èyí tí yóò ta ọfà ní tòótọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Mo fẹ́ kí agbára rẹ̀ tó pọ́n-ùn 45 tí mo bá fà á dé ínǹṣì 28. Mo ní àáké, ayùn, fáìlì àti fáìsì. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Tulsa

Àbúrò, kí o tó ka èsì ẹnikẹ́ni, dìde lọ kun ojú ibi tí wọ́n ti gé igi náà, lórí àti nídìí. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù nínú garáàjì, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, àbẹ́là tí o yọ́, èyíkéyìí tó bá wà nítòsí ni kí o lò. Kùn ún nípọn, kó sì gun ara èèpo díẹ̀. Omi inú igi máa ń yára gba ojú ibi tí a gé jáde ju bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Orí á gbẹ, á sún kì, àárín ṣì tutù, ni igi á bá sán. Osage sì burú lórí ọ̀rọ̀ sísán. Bí o bá ti rí ìlà wẹ́wẹ́ lójú ibi tí wọ́n gé, gé díẹ̀díẹ̀ kúrò títí wàá fi dé ibi tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí o tó kùn ún.

Èkejì, má fi ayùn ya ìtì náà sí wẹ́wẹ́. Lílà ni kí o là á. Ayùn ò mọ ibi tí iṣan igi gbà, á kàn gé e kọjá ni, ibi tí iṣan bá sì ti gé ni ọrun máa ń dá sí.

Igi tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́ yẹn kì í ṣe igi lásán. Agbègbè odò Red River, ní Texas, Oklahoma àti Arkansas, ni orírun rẹ̀. Ní 1804, Meriwether Lewis, arìnrìn-àjò tí ìjọba Amẹ́ríkà rán lọ wo ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Jefferson láti St. Louis, ó fi ẹ̀ka igi yìí ránṣẹ́ sí i, ó sì sọ fún un pé àwọn ẹ̀yà agbègbè náà fẹ́ràn rẹ̀ fún ọrun débi pé wọ́n ń rin ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún máìlì láti lọ wá a. John Bradbury, onímọ̀ ewéko ará Bìrìtìkó tó gòkè odò Missouri lọ ní 1811, kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàárín ẹ̀yà Arikara, ẹṣin kan àti búláńkẹ́ẹ̀tì kan ni iye owó ọrun kan tí wọ́n fi igi yìí gbẹ́. Nígbà tó yá ni àwọn àgbẹ̀ gbìn ín káàkiri Missouri àti Kansas láti fi ṣe ọgbà, nítorí ẹ̀gún rẹ̀. Ìgbà tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti Joseph Glidden gbòde lẹ́yìn 1874 ni wọ́n dẹ́kun gbígbìn ín fún ọgbà. Ìdí nìyẹn tí èyí tó wà létí oko fi máa ń wọ́: wọ́n ti gé e, ó ti rúwé, wọ́n tún ti gé e. Bí o bá rí èyí tó tọ́ nínú rẹ̀, tọ́jú rẹ̀.

Ìyá Káfíńtà, Kansas

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un lórí lílà.

Wo ara èèpo ná kí o tó gbé òòlù. Bí ìlà èèpo bá ń yí igi po láti ìdí dé orí, bẹ́ẹ̀ náà ni inú rẹ̀ yí. Èyí tó yí díẹ̀ ṣeé lò, èyí tó yí púpọ̀ fi dáná. Lẹ́yìn náà, gbé irin ìlagi lé àárín orí ìtì, lù ú títí yóò fi la ẹnu. Fi irin kejì sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí ìlà náà dé, kí o lu òun náà. Àkọ́kọ́ á tú, kí o gbé e síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni wọn á ṣe máa fo ara wọn títí dé ìdí. Iṣan tó bá ṣì di ìhà méjèèjì mú láàárín, fi àáké gé e, má fi ọwọ́ fà á ya. Ìtì tó fẹ̀ tó ínǹṣì 8 lè fún ọ ní ẹ̀là mẹ́rin.

Lẹ́yìn tí o bá là á, bó èèpo kúrò, kí o sì fá igi funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò pẹ̀lú, títí wàá fi kan igi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kíá ni kí o kun ojú tí o bó yẹn náà. Bí o bá fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú atẹ́gùn, ó lè sán láti òkè délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kí o fojú kéré: Osage àti ìrókò, ìdílé igi kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fá ìrókò mọ bí ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣe ń yún ojú àti imú. Osage tútù ní oje funfun tó máa ń yún àwọn mìíràn lára. Wọ ìbòmú, wọ ìbọ̀wọ́, bo apá rẹ.

Ẹ̀gbọ́n Tulsa

Ìyá Káfíńtà, ẹ ṣeun, àmọ́ lórí èèpo, èmi a máa fi í sílẹ̀. Ẹ̀là tó ní èèpo lára máa ń gbẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í sì í sán ní ẹ̀yìn. Orí àti ìdí nìkan ni mo ń kùn.

Ìyá Káfíńtà, Kansas

Bí wọ́n bá gé e nígbà òtútù ni ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà ìrúwé la wà yìí, ooru ń bọ̀, àwọn kòkòrò ajẹgi ti ń jáde. Abẹ́ èèpo ni wọ́n ń yé sí, igi funfun yẹn gan-an ni oúnjẹ wọn. Bí èèpo bá wà níbẹ̀ títí di ìgbà òtútù, ihò ló máa bá lábẹ́ rẹ̀, ó sì lè kọjá sínú igi tó fẹ́ lò.

Ẹ̀gbọ́n Tulsa

Òótọ́ ni. Àbúrò, ohun tí Ìyá Káfíńtà sọ ni kí o ṣe.

Ọmọ Ọdẹ, Missouri

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti kùn ún, mo ti là á, ìtì kan là tààrà, èkejì yí díẹ̀. Títí dìgbà wo ni kí n jẹ́ kó gbẹ?

Ìyá Káfíńtà, Kansas

Bí o bá kó o sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe wà, ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá fẹ́ kó yá, mú ẹ̀là kan, fi àáké àti ọ̀bẹ fá a dín kù títí yóò fi sún mọ́ ìrísí ọrun, ṣùgbọ́n kó ṣì nípọn ju bó ṣe máa rí nígbẹ̀yìn lọ dáadáa. Fi kílám̀bù dè é mọ́ pákó tó tọ́, kí ó má bàa yí bó ṣe ń gbẹ. Gbé e sí ibi tí òòrùn kò dé, tí atẹ́gùn ń fẹ́, má gbé e lé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà.

Wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o kọ iye rẹ̀ sára igi náà pẹ̀lú pẹ́ńsù. Omi tó ń jáde ló ń mú un fúyẹ́. Ìgbà tí iye náà kò bá yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló tó gbẹ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọn omi igi, kó wá ìdá 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Igi tó tutù ju ìyẹn á tẹ̀, kò ní padà sípò. Èyí tó sì gbẹ jù, bí èyí tí wọ́n fi sínú ilé tí hítà ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà òtútù, á dá ni.

Ṣé Mo Lè Rà

Ẹ jọ̀ọ́, fún àwa tí kò ní igi lẹ́yìnkùlé, ṣé pákó láti ilé ìtajà kò lè ṣe é?

Tafàtafà, Atlanta

Ó lè ṣe é. Wá pákó hickory tàbí red oak, kí iṣan tó wà lójú rẹ̀ lọ tààrà láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì láìjáde sí ẹ̀gbẹ́. Nínú òkìtì pákó, ọ̀kan tàbí méjì péré lè bá a mu, nítorí náà má kánjú níbẹ̀, ṣí gbogbo rẹ̀ wò. Jẹ́ kí apá rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 2, torí àwọn igi wọ̀nyẹn kò le tó Osage, wọ́n nílò fífẹ̀ tí yóò pín ìnira náà.

Ọmọ Ọdẹ, Missouri

Ẹ̀gbọ́n, mo ń ka nǹkan kan nípa òrùka ọdún tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọrun láìgé. Kò yé mi. Èwo ni ẹ̀yìn, èwo sì ni inú?

Ẹ̀gbọ́n Tulsa

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an lo dé yìí. Jókòó kà á.

Ẹ̀yìn ọrun ni ojú tó kọjú sí ohun tí o fẹ́ ta nígbà tí o bá dì í mú. Inú rẹ̀ ni ojú tó kọjú sí ìwọ. Bí o bá fa ọṣán, ìyẹn okùn ọrun, ẹ̀yìn á máa nà, inú á máa sún kì. Igi tó ń nà ló máa ń ya, torí náà ẹ̀yìn ni gbogbo ìṣọ́ra wà. Ìhà èèpo la fi ń ṣe ẹ̀yìn, a sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òrùka ọdún kan ṣoṣo bò ó láti ṣóńṣó kan dé ìkejì. Níbi tí ọ̀bẹ bá ti gé òrùka náà kọjá, ibẹ̀ ni èéfọ́ máa gbé sókè lọ́jọ́ tí o bá fà á tán.

Wo orí ẹ̀là rẹ níbi tí òrùka ti hàn. Òrùka kọ̀ọ̀kan ní apá méjì: apá tín-ín-rín tó hù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé, tó kún fún ihò wẹ́wẹ́, àti apá tó hù nígbà ooru, tó ki, tó le, tó ń dán. Yan òrùka kan tí apá líle rẹ̀ nípọn, tí kòkòrò tàbí ìsán kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ èyí tó wà lókè pátápátá.

Gbé ẹ̀là náà sínú fáìsì, ẹ̀yìn sókè. Ohun èlò rẹ ni ọ̀bẹ gígùn tó ní èèkù ní ìhà méjèèjì, tí a ń fà wá sọ́dọ̀ ara ẹni. Lọ rà á, kò sí ohun tó dà bí rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Bí ọ̀bẹ bá wà nínú apá líle, èérún igi á máa jáde gígùn, á máa ká jọ, ọ̀bẹ á sì máa dún ṣẹ̀ẹ̀. Ní kété tó bá kan apá oníhò, ohùn á yí padà, á di kẹrẹkẹrẹ, ohun tó ń jáde á máa wó bí gààrí. Dẹ ọwọ́ níbẹ̀. Abẹ́ gààrí yẹn ni òrùka tí o ń wá wà. Gbé ọ̀bẹ ńlá sílẹ̀, mú irin pẹlẹbẹ tàbí ẹ̀yìn ọ̀bẹ kékeré, kí o fi há apá oníhò náà kúrò títí ojú dídán ìsàlẹ̀ á fi yọ. Ìwọ̀n ọwọ́ kan ní ìgbà kan ni kí o máa ṣe. Tan iná sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sókè, torí òjìji ló ń fi ibi tí o ti fẹ́ gé òrùka kọjá hàn ọ́.

Bí o bá dé kókó igi, ibi tí ẹ̀ka ti hù, má fá a dọ́gba pẹ̀lú ìyókù. Òrùka gòkè yí kókó náà ká, ìwọ náà bá a gòkè. Jẹ́ kó yọ gẹ̀lẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọrun sì fẹ̀ díẹ̀ sí i níbẹ̀.

Ọmọ Yorùbá, Leeds

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìhín kí àwọn ará Bìrìtìkó má bàa ṣi èyí lò. Igi yew ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọrun gígùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ojú omi Mary Rose tó rì ní 1545, tí wọ́n gbé jáde nínú òkun ní 1982, àwọn ọrun yew lé ní 100 ló wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀dá ń wò ní Portsmouth títí dòní. Lára yew, a kì í fá igi funfun dànù: òun ló ń nà lẹ́yìn, igi pípọ́n ló ń gba ìfúnpá nínú. Osage kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n Tulsa. Májèlé sì ni ewé yew àti kóró inú èso rẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ náà kò yẹ kó wọ imú.

Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ níbí, mo fara mọ́ igi ash tàbí hazel. Bó èèpo nìkan, ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀yìn ọrun, kò sí wàhálà òrùka. Gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí o tó gé, kí o sì bèèrè lọ́wọ́ kánsù bóyá igi náà wà lábẹ́ ààbò.

Filha de Oxóssi, Salvador

Mo kí yín láti Bahia. Irin ni wọ́n fi ń rọ ofá Oxóssi níbí, ìyẹn ọrun àti ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ti ojúbọ ni, kì í ta ọfà. Àmọ́ àwọn onílẹ̀ Brazil ti ń fi igi ipê gbẹ́ ọrun tipẹ́tipẹ́. Ó wúwo, ó le, ó máa ń mú kí irin tètè kújú. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó máa pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ọmọ Ọdẹ, Missouri

Ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀ o. Òrùka ti jáde, ó mọ́ roro. Báwo ni kí n ṣe wọ̀n ọ́n, báwo ni kí n ṣe kọ́ ọ láti tẹ̀?

Tafàtafà, Atlanta

Fún fífà ínǹṣì 28, jẹ́ kó gùn tó ínǹṣì 66 láti ibi ìkọ́ okùn kan dé ìkejì. Fa ìlà àárín láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ṣùgbọ́n kí ìlà náà máa tẹ̀ lé iṣan igi. Bí iṣan bá yà sọ́tùn-ún, kí ìlà náà yà. Àárín ni ìdìmú, ínǹṣì 4, kó nípọn, kó má tẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínǹṣì 1 àbọ̀ títí dé ìdajì rẹ̀, kó wá máa tín-ín-rín lọ títí yóò fi kù ní ìdajì ínǹṣì ní ṣóńṣó. Láti ìsinsìnyí lọ, inú nìkan ni kí o máa fá. Ẹ̀yìn ti parí, irin kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́.

Kọ́kọ́ fi ṣóńṣó kan gúnlẹ̀, di ìdìmú mú, kí o tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ṣe apá kejì náà. Bí méjèèjì bá ti ń tẹ̀ bákan náà, fi fáìlì roboto gé ojú ìkọ́ okùn sí ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó, kí ó dà gẹ̀rẹ́, kí ó má sì dé ẹ̀yìn. So okùn gígùn tí kò fún mọ́ ọn. Kan pákó mọ́ ògiri, gbé ìdìmú lé orí rẹ̀, so púlì sísàlẹ̀, so okùn mìíràn mọ́ àárín okùn ọrun, kí ó gba inú púlì wá sọ́wọ́ rẹ ní òdìkejì yàrá. So òṣùwọ̀n mọ́ okùn kejì yẹn. Láti òdìkejì yàrá ni wàá ti rí bó ṣe ń tẹ̀ dáadáa, tó bá sì dá, kò ní bá ọ.

Fà á díẹ̀, ínǹṣì mélòó kan, kí o wò ó. Ibi tó bá tọ́ jù, tí kò fẹ́ tẹ̀, fi pẹ́ńsù sàmì sí i, ibẹ̀ nìkan ni kí o há. Ibi tó bá ń tẹ̀ jù, má fọwọ́ kàn án rárá. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí o bá há a, fà á lọ fà á bọ̀ bí ìgbà 20 tàbí 30 kí o tó tún wò ó, torí igi kì í fi ohun tí o ṣe hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Má sì fà á kọjá pọ́n-ùn 45 nígbà kankan, ì báà jẹ́ ínǹṣì 10 lo ṣì fà á dé. Bó bá dé 45, dúró, há díẹ̀ sí i, kí o tún fà á. Bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe máa sún un títí yóò fi dé 28. Má dì í mú pẹ́ nígbà tó bá wà ní fífà. Nígbà tí o bá kọ́kọ́ fi okùn kúkúrú sí i, kí àlàfo láàárín okùn àti ìdìmú jẹ́ ínǹṣì 3, kó tó wá di 6.

Bí apá kan bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ pé okùn kò gba àárín ìdìmú, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ló máa tún un ṣe. Fi òróró pa ibẹ̀, fẹ́ ooru sí i láti inú títí ọwọ́ kò fi lè gbà á, rọra tẹ̀ ẹ́, fi kílám̀bù dè é. Kó tutù pátápátá, kó sì sinmi ọjọ́ díẹ̀ kí o tó tún fà á, torí ooru ti lé omi inú rẹ̀ jáde.

Ọmọ Ọdẹ, Missouri

Okùn wo ni kí n rà? Ọfà ńkọ́?

Ìyá Káfíńtà, Kansas

Dacron B-50 ni kí o lò fún okùn. Àwọn okùn ìgbàlódé tí kì í nà rárá lè gé ojú ìkọ́ igi wọlé. Tú okùn sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí o bá ta ọfà tán, má fi ọrun sínú mọ́tò nígbà ooru, má sì fa okùn kí o tú u sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀ láé: agbára tó yẹ kó bá ọfà lọ á padà sínú igi, á sì fọ́ ọ. Bí iṣẹ́ bá parí, fi òróró tung kùn ún, ìpele lórí ìpele.

Tafàtafà, Atlanta

Fún ọfà, ọ̀pá cedar tàbí pine tó lọ tààrà. Kó má le jù, kó má sì rọ̀ jù fún agbára ọrun rẹ, torí ọfà ní láti tẹ̀ yí ìdìmú ká kó tó tọ́ lọ. Sọ fún ẹni tó ń tà á pé pọ́n-ùn 45 ni tìrẹ. Kí o tó ta ọfà igi kọ̀ọ̀kan, dì í mú ní orí àti ìdí, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, yí i, tún tẹ̀ ẹ́, kí etí rẹ sún mọ́ ọn. Èyíkéyìí tó bá ta pátì, ṣẹ́ ẹ sí méjì lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa ṣèèṣì mú un, torí ọfà tó dá nígbà tí okùn tú u sílẹ̀ máa ń gún ọwọ́ tó di ọrun mú.